Ọmọ Mi, Wolé-wolé Yẹn Jàre

Olúdáre, Àkànjí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Faith ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run tó mú yín dé Lithonia ní Amẹ́ríkà kò ní fi yín sílẹ̀ níbẹ̀, òtútù ibẹ̀ kò ní rí yín gbé ṣe. Àwa náà wà ní Ìlọrà, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, orúnkún mi sì ti fúyẹ́ láti ìgbà tí mo ti ń lo ìpara tí Faith fi ránṣẹ́. Tẹ́ní, tíṣà tó yá yàrá lọ́dọ̀ wa, ni yóò ya fọ́tò lẹ́tà yìí sínú fóònù fún ọ. Tí o bá ń kà á, má fi ìka fẹ̀ ẹ́ jù bí o ṣe máa ń ṣe, kí bébà má baà ya, nítorí ẹyọ kan yìí ni mo kọ.

Ọ̀rọ̀ tí o fi ẹkún sọ lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi. O ní o gbé ẹ̀rọ tó ń gbé omi kaná sí ilé Aunty Ìbùkúnolúwa, ará ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Redan, ni wolé-wolé ìjọba bá wá wò ó, ó ní ta ló fún ọ láṣẹ, ó sì ní kí wọ́n tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. O ní láìsí láísẹ́ǹsì o kò gbọdọ̀ dá iṣẹ́ ṣe, àfi lábẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Eli ọ̀gá rẹ, àti pé o fẹ́ pa iṣẹ́ páìpù tì, kí o lọ máa ta bàtà ní mọ́ọ̀lù Buford. Mo ní ṣebí o ti ní láísẹ́ǹsì, èyí tí o fi ń wa mọ́tò. Tẹ́ní ní ti páìpù yàtọ̀, pé ẹni tó bá gbà á, jọ́nímàn ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni ẹni tó ń rìnrìn àjò. Ó yà mí lẹ́nu. Láti Ìlọrà dé Amẹ́ríkà, ìrìn àjò wo ni wọ́n tún fẹ́ kí o rìn? Ìgbà tó ṣàlàyé pé wọ́n fẹ́ mọ iye ọdún tí o fi kọ́ṣẹ́ àti ọ̀gá tó lè jẹ́rìí sí i ló tó yé mi. Fúrídọ̀mù ni wọ́n ń bèèrè. Wọ́n ti gbọ́ lọ́hùn-ún pé o kò gba fúrídọ̀mù kí o tó lọ.

Mo bá wé gèlè, mo lọ bá Saubana, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ páìpù níbí, mo ní kó kọ̀wé pé o pé ọdún lọ́dọ̀ òun, kó fi ọdún tó kù kún un, bí o ṣe ní kí n wí. Ó kí mi dáadáa, ó sì kọ̀. Mo padà lọ, ó tún kọ̀. Ni mo bá gbé àpótí ìjókòó mi lọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ń bó ẹ̀gúsí níbẹ̀, àwọn tó wá ra páìpù ń bi mí pé èló ni ẹ̀gúsí, mi ò sì lọ sílé.

Nígbà tó rí i pé mi ò lọ, ó fa bẹ́ǹṣì tì mí, ó ní kí n sọ irú iṣẹ́ tí o ṣe gan-an. Mo ní ẹ̀rọ omi gbígbóná tó ń lo gáàsì ni, nílé obìnrin ará ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ó ní òun kọ́ ọ ní táǹkì, òun kọ́ ọ ní páìpù àti pọ́ǹpù, ṣùgbọ́n òun kò kọ́ ọ ní gáàsì rí, nítorí òun náà kò mọ̀ ọ́n. Ó wá wò mí lójú, ó ní: "Ìyá Olúdáre, tí mo bá fi ọdún kún ti ọmọ yín, tí ilé wá gbiná mọ́ obìnrin yẹn lórí, ta ni kí n sọ pé ó kọ́ ọ níṣẹ́?"

Àkànjí, mo gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. Mo ro Aunty yẹn, bó ṣe máa ń gba fóònù lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì láti kí mi, tó ń pè mí ní Mummy. Mo ro àwọn ọmọ rẹ̀ tí o ní yàrá wọn wà lókè ibi tí o gbé ẹ̀rọ yẹn sí. Wolé-wolé yẹn jàre, ọmọ mi. Bá mi kí i, kí o sì lọ bẹ Aunty.

Saubana kọ̀wé náà lójú mi. Ọdún tí o lò gan-an ló kọ. Ó kọ ọ́ pé ọwọ́ rẹ mọ́, o kì í ṣe ọ̀lẹ, àti pé o lọ kí o tó gba fúrídọ̀mù. Tẹ́ní yóò fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú èyí. Ọdún tó kù, abẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Eli ni kí o ti lò ó pé, kó kọ́ ọ ní gáàsì dáadáa. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ bàtà mọ́. Tó bá di ọjọ́ ìdánwò láísẹ́ǹsì náà, jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbẹ kí o tó fi kan kọ̀ǹpútà wọn, kí iná má baà gbé ọ. O tún ní wọ́n á jẹ́ kí ẹ mú ìwé òfin páìpù wọlé, kí ẹ máa ṣí i wò. Má ṣí i. Wọ́n ń dán yín wò ni. Tí gbogbo wọn bá ń ṣí tiwọn, ìwọ gbé tìrẹ sílẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé o nílé tí o ti wá. Tẹ́ní ní òfin ibẹ̀ gbà á. Mo ní òfin ilé mi kò gbà á.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n má fi gba báǹkì, nítorí ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní nẹ́tíwọ̀kì ti lọ, mo sì dúró dè é títí, kò dé. Ẹran àti mínírà ni mo fẹ́ fi rà, mo ti ní kí Saubana dá ọjọ́ fúrídọ̀mù rẹ. Ó ní kí o kọ́kọ́ yege lọ́hùn-ún ná. Mo ní kó ṣáà dá ọjọ́.

Ọwọ́ rẹ kò ní dá iná sílé onílé. Omi tí o bá fà kò ní jò. Orúkọ rẹ yóò wà nínú ìwé ìjọba fún rere, àwọn tó ní kí o tú iṣẹ́ palẹ̀ ni yóò máa wá ọ wá sílé ara wọn.

Èmi ìyá rẹ,
Yéjídé