Iṣẹ́ Tí Ẹ Ní Kí N Má Sọ

Màmá mi, ẹ̀yin tí ẹ sùn sínú ilẹ̀ Tchaada,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti rú òfin yín. Mo sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún àwọn tó mú ìwé àti bíìkì ìkọ̀wé dání, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi, kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín má baà kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ fún yín.

Ká má parọ́, ẹ ò mọ iṣẹ́ tèmi náà dáadáa. Ẹ ń sọ fún gbogbo Igolo pé ilé iṣẹ́ iná ni mo wà ní Kútọnu. Bí iná bá lọ, ẹ̀yin ni wọ́n ń wá bá, ẹ ó sì fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ máa bá mi sọ ọ́. Èmi tí mi ò lè pààrọ̀ gílóòbù. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ àwọn tó ń jẹun nídìí iná mànàmáná, kí n sì sọ ibi tí wọ́n á ti máa jẹun bí ọ̀nà tí iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa bá yí padà.

Ẹ̀yin gan-an jẹun nídìí iná, òun lẹ fi bọ́ mi. Mo ṣì ń rí ìsọ̀ yín létí ọ̀nà Igolo, ẹ̀rọ amúnáwá tí gbogbo wa ń pè ní gúrúpù tó ń ké látàárọ̀, àti àwọn bátìrì ọkọ̀ tí àwọn ará Tchaada ń fi ọ̀kadà zémi gbé wá kí ẹ fún wọn níná, kí wọ́n lè fi wo tẹlifíṣọ̀n nílé. Ẹ ò kọ orúkọ sára ọ̀kankan. Àkísà ni ẹ ń so mọ́ wọn, àwọ̀ oníkálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ò sì gbé ti ẹnìkan fún ẹnìkejì rí. Omi bátìrì ti jẹ ìró yín nihò nihò.

Nílé ẹ̀kọ́ wọ́n ń pè mí ní ọmọ oníbátìrì. Mo kórìíra rẹ̀. Nígbà tí mo dé Kútọnu, mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé àgbẹ̀ ni yín. Ẹ dárí jì mí.

Òfin yín ò ṣòro: ẹnikẹ́ni tó bá mú ìwé dání, owó orí ló wá gbà. Bí ẹ bá ti rí i lókèèrè, ẹ ó pa gúrúpù, ẹ ó fi ẹní bo àwọn bátìrì, ẹ ó jókòó, ẹ ó máa ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀wà kan náà ni lọ́dọọdún, a ò sè é rí. Èmi ni mo máa sọ pé Màmá ò ṣe nǹkan kan, pé ẹ kàn jókòó ni.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo gbé ìwé ìbéèrè wálé kí n fi yín dánra wò. Mo bi yín bóyá ẹ ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ wo bíìkì ọwọ́ mi, ojú yín yí padà, ẹ ní ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ike omi bátìrì wà lọ́wọ́ yín. Mo sì fàlà síbẹ̀: kò ṣiṣẹ́. Kí ló ṣe mí?

Nígbà tí ẹ kú, mo tún un ṣe. Akọ̀wé tó ń kọ ìwé ikú béèrè iṣẹ́ yín, ẹkún ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, ó bá kọ *ménagère*, ìyàwó ilé. Mo fọwọ́ sí i. Èmi tí wọ́n ń sanwó fún láti mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

Ní báyìí, wáyà iná ń bọ̀ ní àwọn abúlé tó kù. Ó dáa, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá tan iná yẹn ni iṣẹ́ àwọn tó ń fún bátìrì níná máa parí. Wọ́n máa kọ́ àwọn kan níṣẹ́ tuntun, wọ́n máa gba àwọn kan síṣẹ́, àmọ́ àwọn tí iṣẹ́ wọn bá wà nínú ìwé tí mò ń kọ nìkan ni. Mo padà sí Igolo. Obìnrin mẹ́fà tó ń fún bátìrì níná bíi tiyín jókòó síwájú mi, gbogbo wọn ní àwọn ò ṣe nǹkan kan. Mo gbọ́ ohùn yín lẹ́nu wọn. Mo bá ju bíìkì sínú báàgì, mo bi wọ́n pé látìgbà tí wọ́n ti jí, kí ni wọ́n ti fọwọ́ kàn. Màmá, wọ́n sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi yí kúrò lórí wa. Odindi ojú ewé kan ni mo kọ fún wọn, láìfi orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀.

Ọ̀gá mi ní kí n yọ ojú ewé náà. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò ní kọ́ntíráà, ìwé àdéhùn iṣẹ́, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Kọ́ntíráà tèmi náà ń parí lóṣù tó ń bọ̀, òun ló máa fọwọ́ sí tuntun, ó sì rán mi létí rẹ̀ tẹ̀rín tẹ̀rín. Mi ò yọ ọ́. Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú ewé yẹn wà nínú rẹ̀, orúkọ mi wà nísàlẹ̀. Bí mo bá kí i báyìí, kì í dá mi lóhùn. Kó má dá mi lóhùn. Ẹni tí wọ́n tọ́ nídìí gúrúpù, ìhàlẹ̀ ọ̀gá kan ò lè lé e.

Ṣé inú ń bí yín? Ẹ jẹ́ kó bí yín. Àwọn tó ń mú ìwé wá nígbà yẹn, gbígbà ni wọ́n ń wá gbà, ẹ ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìwé tòní ló fẹ́ fúnni ní nǹkan, ẹni tó bá sá sábẹ́ ẹní ò ní rí i gbà. Ǹjẹ́ ó wù yín rí, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ṣiṣẹ́?

Lánàá mo padà lọ bá akọ̀wé ìwé ikú yẹn, pé kó bá mi tún iṣẹ́ yín kọ. Ó ní òkú kì í pààrọ̀ iṣẹ́. Mo ní òkú tèmi ò pààrọ̀ iṣẹ́, àwa alààyè la gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì. Bàbá arúgbó kan láti Tchaada wọlé, ó wò mí títí, ó sì fi orúkọ tí mo kórìíra yẹn pè mí lójú gbogbo èèyàn. Ó ní aṣọ pupa ni ẹ máa ń so mọ́ bátìrì tòun. Mo jẹ́ orúkọ náà, sókè, kí akọ̀wé lè gbọ́.

Akọ̀wé ò tíì kọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Ajé a ó tún lọ, èmi àti bàbá aláṣọ pupa.

Èmi tí mo fẹ́ràn yín, tí mi ò sì ní gbọ́ràn sí yín lẹ́nu lórí èyí,

Ọmọ oníbátìrì.