Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mi, Dókítà Yín àti Ọmọ Mánsúrù

Túnráyọ̀ ọmọ mi ní Agbowó,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ò le jù fún ọ? Allah kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, àwọn ewúrẹ́ rẹ wà, àgbàdo ti gbó, ẹnu tí mo fẹ́ fi jẹ ẹ́ ni kò yá. Tíṣà Jésùlọlá ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi àánú kún un.

O rántí pé kí o tó mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín yín ní Ring Road, baba tó ń kiri oògùn ti bá mi yọ eyín kan tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀, ìrora náà ò sì lọ. Dókítà Fáìzàh yẹn ní kí n fún ìrora náà ní máàkì, láti òdo dé mẹ́wàá. Mo ní òdo ni mo fún un, torí ìwà ìrora náà kò dáa rárá. Ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò dùn mí. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Ó tún ya fọ́tò orí mi láìsí awọ. Mo gbé e kọ́ sí pálọ̀, Ẹnìtàn àbúrò mi wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní bàbá wa tó kú ni.

Dókítà ní oríkèé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi so mọ́ orí ló ń dùn mí, pé mo ń payín keke lójú oorun. Mo ní irọ́ ni, mi ò gbọ́ ọ rí. Ìyá rẹ ní òun ń gbọ́ ọ láti ọdún tó kọjá, bí ẹni ń lọ ata. Ó ní kí n yé jẹ orógbó, kí n yé fọ́ eegun, kí n máa jẹ ẹ̀kọ, kí n máa fi aṣọ gbígbóná tẹ ibẹ̀, kí n má la ẹnu gbàgà, kí n sì máa fi ike sí eyín sùn. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ta ló ń bí mi nínú. Mo rò pé ìwọ lo rán an.

Ta ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe Mánsúrù? Èmi ni mò ń pe ìrun lábà wa kó tó ra sípíkà, tó fi gba ipò ládánì lọ́wọ́ mi. Ọmọ rẹ̀ Sódìq, tó ń tún fóònù ṣe ní Mọ́kọ́lá, lo wá sọ lọ́dún tó kọjá pé o fẹ́ fẹ́. Láti Challenge dé Bódìjà, o ò rí ẹlòmíràn. Mo ní kò ṣeé ṣe, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí i pé eyín mi ti dá ike náà lu. Mo gbé e lọ sí mọ́sálásí, mo ní kí Lèmọ́mù wo ohun tí Mánsúrù ń fi ojú mi rí, kó gba sípíkà lọ́wọ́ rẹ̀, àṣẹ dókítà ni. Lèmọ́mù yẹ̀ ẹ́ wò lókè nísàlẹ̀, ó ní Bàbá Túnráyọ̀, Mánsúrù lẹ ń rún mọ́jú, òun alára sì ń hanrun nílé rẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mánsúrù ní bí mo bá lè jẹ́ kí àwọn ọmọ fẹ́ra, òun á fi pípe ìrun àsùbá sílẹ̀ fún mi. Mo ní ìkà ni, ó fẹ́ kí n la ẹnu gbàgà kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi yẹ̀. Ó ní Ẹ̀gbọ́n, sípíkà wà, ẹ kàn máa sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ni.

Nítorí náà mo ti gbà. Má rò pé mo fẹ́ràn wọn, ìtọ́jú ni. Kí Sódìq kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá lẹ́yìn ìkórè.

Fi owó ike tuntun àti òróró ìpara rán awakọ̀ wá, kó jẹ́ owó tí mo lè kà lọ́wọ́, mi ò fẹ́ èyí tó ń dún nínú fóònù tí èèyàn ò rí. Allah á jẹ́ kí ilé rẹ tòrò, á fún ọ ní ọmọ tí kò ní bá òbí rẹ̀ jiyàn. Sọ fún Sódìq pé bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí bá tún ro mí lẹ́yìn ìgbéyàwó, oògùn náà ò jẹ́ nìyẹn, màá wá gba ọmọ mi padà.

Èmi ni baba rẹ,
Àjàgbé.