Ẹ̀jẹ̀ Tí Mo Kọ̀ Lọ́jọ́ Ìsọmọlórúkọ

Èmi Alhaji Mùkáílà Àkànní, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tó ń ta àwo tánganran ní ọjà Makola, ní Accra, ni mo kọ ìwé yìí. Orí mi pé. Ẹ̀dọ̀ nìkan ló ń dà mí láàmú. Kíláàsì kẹta ni mo kàwé dé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu rí.

Dókítà ní ẹ̀dọ̀ mi ti di kìkì àpá. Lọ́jọ́ Ajé, wọn yóò fi sẹ́ẹ̀lì láti inú mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíràn sí mi lára, bóyá ẹ̀dọ̀ á tún ara rẹ̀ ṣe. Ó ní ìdánwò ni, òun kò ṣèlérí. Mo fẹ́ràn ẹni tí kì í purọ́ fún oníbàárà. Olúbáyọ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ni kí ó pín ogún mi báyìí:

1. Ilé oníyàrá mẹ́jọ ní Mamobi, tí mo fi owó ẹrù tí mo fi orí rù kọ́, di ti àwọn ọmọ mi, Nasrullah àti Usamah. Mo bẹ̀ wọ́n kí ọ̀kan wá fún mi ní mùdùnmúdùn. Nasrullah ní òun á pè mí padà. Usamah fi àwòrán ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́ lórí fóònù. Yàrá méje wà ní títì. Nínú ìkẹjọ ni mo ti ń gbọ́ bí aládùúgbò ṣe ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun.

2. Ṣọ́ọ̀bù Makola di ti Fáòsíà, tó ti bá mi tajà fún ogún ọdún. Ọ̀lẹ ni mo máa ń pè é. Kì í ṣe ọ̀lẹ.

3. Ilẹ̀ Ashaiman di ti Abena. Ọmọ mi ni. Ọmọ Ashanti ni ìyá rẹ̀, mo sì fẹ́ràn obìnrin náà ju bí mo ṣe sọ fún un lọ. Lọ́jọ́ kẹjọ tí a bí Abena, mo fa àgbò lọ sọmọ lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin wá ní, “Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ti ìyá ni.” Bí wọ́n ṣe ń ka ẹbí nìyẹn, kò bú mi. Èmi gbọ́ ọ bí èébú. Mo ní kí wọ́n máa gbé ẹ̀jẹ̀ wọn, mo fa àgbò mi padà. Abena, orúkọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí a bí i, nìkan ló ń jẹ́ láti ọdún mọ́kànlélógójì.

Fáòsíà ló lọ sọ ọ̀rọ̀ àìsàn mi fún Abena láìgbàṣẹ. Abena wá, ó na apá fún wọn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Dókítà ní ìdajì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tèmi mu, bó ṣe ń rí láàárín ọmọ àti bàbá. Mùdùnmúdùn tirẹ̀ ni wọn yóò lò lọ́jọ́ Ajé. Alhaji ló ń pè mí. Ẹnu mi kò gbà á láti ní kí ó pè mí ní Bàbá.

4. Àgbò kan wà ní ìso lẹ́yìn ilé. Àná ni mo rà á. Bí mo bá jí, èmi ni n ó fà á lọ. Bí n kò bá jí, Olúbáyọ̀, fà á lọ sílé Abena, pe ẹbí ìyá rẹ̀ jọ, kí o sì sọ ọmọ mi ní Mojíbọ́lá. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, má ṣe fà á padà.

Ọwọ́ mi rèé: Mùkáílà Àkànní.
Accra, ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Ẹlẹ́rìí: Nafisa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti Kwabena, télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé mi. Àwọn nìkan ló wà nítòsí.