Omi Tí Mo Ní Kí Màmá Dúró Dè

Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
Maun,
Botswana.
6 Oṣù Karùn-ún, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Gaolatlhe,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìmúra òtútù tó ń bọ̀. Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ Bàbá tó wú ti ń rọlẹ̀? Ara èmi le, àfi ẹnu mi tó kó mi sí wàhálà.

Ẹ rántí pé iṣẹ́ mímú àlejò wo ẹranko nínú igbó ni mo wá kọ́ níbí. Ní oṣù Kọkànlá èṣí, Rre Sekgwama, olùkọ́ wa, fún mi ní lẹ́tà kan pé kí n fèsì. Mma Ditiro, màmá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìntì iṣẹ́ olùkọ́ ní Lobatse ní gúúsù, ló kọ ọ́. Wọn kò rí erin rí àfi nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọmọ, dókítà sì ti sọ pé ojú wọn lè má ríran mọ́ tó bá fi máa di ìparí ọdún yìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lè wá. Ìgbà wo ló dára jù?

Mo kọ ọ́ pé, "Ẹ wá nígbà tí omi bá dé." Ta ni kò mọ̀ nílé wa ní Etsha pé omi odò tó ń kún ni? Ṣùgbọ́n ará Lobatse kò mọ omi mìíràn ju òjò lọ. Màmá ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì fún oṣù Kìíní, nígbà tí koríko ga ju ènìyàn lọ, tí omi wà káàkiri inú igbó, tí erin kò sì nídìí láti wá sétí odò.

Ìgbà tí wọ́n pè láti béèrè irú bàtà òjò tí wọn yóò mú wá ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọmọ Etsha, òjò rẹ dà?"

Mo sọ fún Màmá pé oṣù Keje ni mo ní lọ́kàn.

"Oṣù Keje? Òjò kì í kán sílẹ̀ nígbà yẹn. Níbo lomi ń gbà wá?"

"Angola ni, mà. Òjò tó rọ̀ níbẹ̀ ló ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wa."

"Láti ìgbà òjò títí di oṣù Keje? Ṣé ó ń tiro ni?"

"Ó kàn ń rìn jẹ́jẹ́ bíi tiyín ni, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá ní: "Ọmọ mi, ojú mi ni mo fẹ́ fi dúró dè é yìí o. Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú. Lẹ́yìn náà, mo lọ bá olùkọ́ wa. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní mọ̀? Rre Sekgwama ní ìmọ̀ràn mi tọ́, bí mo ṣe sọ ọ́ ni kò yé ènìyàn. Síbẹ̀ mo lọ wo àkọsílẹ̀ omi ọdún mẹ́wàá, mo sì bi àwọn awakọ̀ tó ń wọ igbó léèrè. Ní oṣù Keje, ewé ti ń rẹ̀, omi inú igbó ti ń gbẹ, odò lerin ń wá. Kódà ojú tó ń ṣe bàìbàì yóò rí wọn. Ó dá mi lójú báyìí ju ọjọ́ tí mo sọ ọ́ lọ.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni omi ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín kó tó dé Maun níbí. Láàárọ̀ tí ọkọ̀ yín bá léfòó níbi tí ẹ so ó mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ síbi tí fóònù ti ń wọlé, kí ẹ pè mí. Ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ sọ pé omi ti dé. Ọjọ́ tó dé gan-an ni kí ẹ sọ.

Èmi ni àbúrò yín tó ń retí ìpè yín,
Boitshepo.