Ẹ̀wà Ìbejì fún Àwọn Ọmọ Inú Ike

Uswat Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù aláékùm. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Onílé rẹ ní Onígbòǹgbò ńkọ́, ẹni tó máa ń ti géètì kí ilẹ̀ tó ṣú? Àwọn ọmọ kéékèèké inú ike ńkọ́, ṣé wọ́n jí ire? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ibà kọ lù wọ́n. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni, torí náà tí o bá rí ibi tó wọ́, ọwọ́ ló ń dùn mí. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí ẹ fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́ ti so èso.

Gbogbo wa nílé wà dáadáa. Bàbá rẹ kí ọ, orúnkún tó ń dùn wọ́n ti dẹwọ́ díẹ̀. Ewúrẹ́ olójúkòkòrò yẹn ti bímọ, ó sì ti jẹ fìlà Shuaib àbúrò rẹ. Ìjọba alágbádá tí a dìbò fún ti gbé òpó iná wá sí abúlé wa, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò so wáyà kankan mọ́ ọn. Bàbá rẹ ní bóyá wọ́n fẹ́ kó kọ́kọ́ ta gbòǹgbò ná. Àwa obìnrin ti so okùn ìsáṣọ mọ́ ọn ní tiwa.

Nípa lẹ́tà rẹ, mo kà á títí ó fi rẹ̀ mí. O ní láti ara ènìyàn ni àwọn nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín tí ẹ ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ti wá, pé inú abọ́ ike ni ẹ ń sìn wọ́n sí, àti pé wọn kì í dàgbà àfi tí ẹ bá fún wọn ní èròjà kan, irú èyí tó wà lára gbogbo ọmọ Ádámọ̀, tó ń mú kí egbò jinná. Ṣùgbọ́n o ní kì í ṣe ara ènìyàn ni wọ́n ti fa èyí jáde, kòkòrò kan tí ojú ò lè rí ni àwọn òyìnbó kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èyí yà mí lẹ́nu. Ọdún mélòó ni mo ti ń kọ́ Shuaib bí wọ́n ṣe ń fọ ìkòkò tí kò mọ̀ ọ́n, àwọn kan wá kọ́ kòkòrò ní iṣẹ́ ara ènìyàn! Ṣé kòkòrò náà ti ṣe fírídọ̀mù, àbí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀? Bá mi kí i.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ibi tí o ti ní ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kú mọ́ ọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí o ti fún wọn ní èròjà yìí, wọ́n yè, ẹyọ kan sì ti di méjì. Uswat, mo pariwo. Nǹkan tó wá láti ara ènìyàn, tó ń jẹun, tó ń dàgbà, tó wá di méjì, kí là ń pè é tí kì í bá ṣe ìbejì? Mo se ẹ̀wà, mo da epo sí i, mo pe gbogbo ọmọ àdúgbò. Bàbá rẹ ní kì í ṣe ènìyàn. Mo ní ohun tí kì í ṣe ènìyàn kì í jẹ oúnjẹ ènìyàn. Wọ́n bá bu ẹ̀wà. Alfa Dàwódù, lémọ́mù wa, ní àwọn ò tíì rí irú rẹ̀ nínú gbogbo kéwú tí àwọn kà, ṣùgbọ́n àdúrà kì í pọ̀ jù. Wọ́n ṣàdúrà fún wọn, wọ́n sì gbé ẹ̀wà tiwọn lọ sílé.

Àfi ìgbà tí Shuaib yí ẹ̀yìn ìwé náà, ibi tí èmi ò yí, tó ní lọ́jọ́ kejì méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Mo ti sọ mẹ́rin lórúkọ: Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Àlàbá. Lẹ́yìn ìyẹn orúkọ tán, ẹ̀wà náà sì tán. Jọ̀ọ́, sọ fún wọn kí wọ́n rọra.

Làsísì tó ń kó màlúù lọ sí Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa wọ́n, dé lánàá. Ó ní òun gbé gàrí tí mo fi rán òun dé ilé iṣẹ́ yín ní Ìkẹjà, mẹ́gáàdì ò jẹ́ kí òun wọlé torí pé òun ń rùn bíi màlúù, òótọ́ sì ni. Ó ní ìwọ lo jáde wá nínú aṣọ funfun, ojú rẹ pọ́n, ọrùn rẹ ti gùn. Ó ní o sọ pé Nẹ́pà kì í jẹ́ kí iná dúró, pé tí fìríìjì bá gbóná, èròjà yẹn á bàjẹ́, àti pé ọ̀gá yín ti ní tí àwọn ọmọ inú ike bá tún kú, kí o máa lọ sílé rẹ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ lo ń sùn. O tún ní kó sọ fún mi pé o ò ní lè wálé Iléyá, nítorí àwọn ọmọ inú ike gbọ́dọ̀ jẹun lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà lo wí léṣìí.

Àbẹ̀kẹ́, mo sunkún. Mi ò bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n àwọn ń pọ̀ sí i, ìwọ ń rù. Ta ló ń bọ́ ìwọ? Àárò rẹ ń sọ mí gan-an, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Torí náà, tí a bá ti pa àgbò Iléyá tán, màá bá ọkọ̀ Làsísì wá. Iwájú ni màá jókòó sí o, kì í ṣe ẹ̀yìn lọ́dọ̀ àwọn màlúù. Màá gbé apá àgbò tí mo ti yan dáadáa, àti àmù tí ìyá mi fún mi nígbà tí mò ń relé ọkọ. Omi inú rẹ̀ tutù débi pé ó ń ta eyín, kò sì mọ Nẹ́pà rí. Tí iná bá lọ, inú rẹ̀ ni kí o gbé ìgò èròjà yẹn sí. Ìwọ á sùn, èmi á jókòó ti àwọn ọmọ. Ọmọ mẹ́fà ni mo tọ́, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú kan sùn. Sọ fún mẹ́gáàdì pé màá ti wẹ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ rán Làsísì, ó ní iwájú ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́, pé màlúù gan-an ń sanwó. Fi owó ẹ̀wà kún un, nítorí ìyá Job tó tà á fún mi láwìn kò gba àlàyé sẹ́ẹ̀lì.

Ọlọ́run á dá wọn sí fún ọ. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Iná kò ní lọ lọ́jọ́ tí o bá nílò rẹ̀ jù. Tí wọ́n bá sì tún kú, kí Ọlọ́run má jẹ́, má fi ojú pamọ́ fún wa, máa bọ̀ nílé. Kì í ṣe tìtorí tiwọn nìkan ni mo ṣe se ẹ̀wà. Ìwọ náà, láti ara mi lo ti wá, o jẹun, o dàgbà, èmi ẹyọ kan sì di méjì. Ìdajì kan wà ní Ìkẹjà tí kò rí oorun sùn. Ìdajì kejì ń gbé àmù bọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sùlíyá