Aṣọ Pupa Tí N Kò Sá

Èmi, aránṣọ tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Abẹ́rẹ́, ìyàwó tíṣà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Olómi, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Àyà ni ó ń dùn mí, kì í ṣe orí. Ọpọlọ mi pé ṣáká. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ń tún aago ṣe ni kí ó mú un ṣẹ. Kí ó kà á sókè lójú ọkọ mi àti lọ́yà rẹ̀.

1. Ọmọbìnrin mi ni ó ni ẹ̀rọ ìránṣọ méjèèjì, àti àlùmọ́gàjí ńlá tí mo ti kìlọ̀ fún un títí kí ó má fi gé pépà.

2. Gbogbo ìgò tó kún orí pẹpẹ ilé ìdáná mi jẹ́ ti ọkọ mi. Ọdún mọ́kànlá ni ó ti ń bu omi odò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ó ń kọ ọjọ́ sí ara ìgò, kí ìjọba lè rí ohun tí ilé iṣẹ́ awọ ń dà sínú omi tí à ń mu. N kò ní purọ́, mo jowú odò náà. Ọkọ mi mọ ọjọ́ tí odò yí àwọ̀ padà, kò mọ ọjọ́ tí mo di irun tuntun.

3. Ajá mi, mo fi fún lọ́yà. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni ó ń gbó mọ́, àfi òun. Ìrù ni ó ń jù fún un. Kí ó kúkú jẹ́ tirẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ènìyàn ilé iṣẹ́ náà ti ń ju ìwé ìhàlẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀kùn wa ni obìnrin yìí ti ń gbèjà ọkọ mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kàwé, ó rẹwà, ó sì ń pe ọkọ mi ní Tíṣà mi. Tirẹ̀ níbo?

4. Okùn tí à ń sá aṣọ sí níwájú ilé ní ìjẹ́wọ́ nínú. Lọ́yà ni ó kọ́ wa pé bí àjèjì bá ń ṣọ́ ilé, kí n sá aṣọ pupa. Ọkọ mi yóò rí i láti ìkóríta, yóò sì yà síbòmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti fi gbà á là. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n mú un, mo rí ọkùnrin mẹ́ta nínú mọ́tò tí kò ní nọ́ńbà. Mo ti mú aṣọ pupa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò lọ́yà ni ó ń gbé e bọ̀ lọ́jọ́ náà, ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n sì ti jọ wà nílùú kejì lórí ọ̀rọ̀ ẹjọ́. Inú bí mi. Mo ní lọ́kàn mi pé kí wọ́n mú obìnrin náà pẹ̀lú, kí ojú rẹ̀ wálẹ̀. Mo dá aṣọ padà sínú agbọ̀n.

Lọ́yà sọ ọkọ mi kalẹ̀ ní ìkóríta, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọkọ mi nìkan ni wọ́n mú. Oṣù mẹ́ta ni ó lò ní àtìmọ́lé láìfojú kan adájọ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì ká mọ́. Èmi ni mo ń bá a dé ìgò. Lọ́yà náà ni ó gbà á sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi dé, ó ní oorun ni yóò ti gbé mi lọ lọ́jọ́ náà tí n kò fi sá aṣọ, kí n má dá ara mi lẹ́bi. Báálé mi, n kò sùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí.

5. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé mìíràn tún dé: wọ́n ní kì í ṣe àtìmọ́lé mọ́, pípa ni àwọn yóò pa á. Ọkọ mi kà á tán, ó gbé ìgò, ó gba odò lọ. Dókítà sì ti sọ fún mi pé n kò lè parí ọdún yìí. Nítorí náà, yàrá iwájú tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òpópónà, àti okùn náà, mo fi fún lọ́yà. Kí ó kó wọlé ní ọjọ́ kejì tí ẹ bá sin mí. Mo rò ó títí, n kò rí ẹlòmíràn tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ọkọ mi.

Bí wọ́n bá fẹ́ra, kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì mi jáde, kí wọ́n ra tiwọn. Inú mi kò dùn rárá sí ohun tí mo kọ yìí. Ṣùgbọ́n kí ọkọ mi pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó pẹ́ gan-an, kí ó tó wá bá mi.

Mo fọwọ́ sí i lórí tábìlì ìgéṣọ mi, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta.

Ìyá Abẹ́rẹ́

Àwọn ẹlẹ́rìí: kápẹ́ńtà tó kọjú sí ilé wa, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi.