Ta Ni Yóò Sọ Fún Àwọn Oyin?

Neža ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, ẹ kú òtútù Ljubljana. Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ẹ ń jẹun kánú? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lójú títì. Ajá wa wà dáadáa, adìẹ dúdú ti tún ń yé, èmi náà wà láàyè, àfi ahọ́n mi.

Nítorí ọ̀rọ̀ ahọ́n yìí ni mo ṣe ń kọ̀wé. O mọ̀ pé bí ẹni tó ni oyin bá kú, ará ilé gbọ́dọ̀ lọ kan ilé wọn lẹ́ẹ̀mẹta kó sọ fún wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á tẹ̀ lé e lọ. Láti ọjọ́ tí a ti sin màmá rẹ ni mo ti ń lọ láràárọ̀. Mo kàn, mo la ẹnu pé Jerica ìyàwó mi ti, kí n tó pe kú, mo ti gé ahọ́n jẹ. Ojú kan náà ni, lápá òsì. Wọ́n ní ahọ́n àti eyín a máa jà, wọn a sì máa parí ẹ̀. Tèmi ò parí o, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé.

Dókítà eyín fún mi ní ìpara kan àti fọ́ọ̀mù, ó ní àwọn ń fi òògùn egbò ẹnu wéra, kí n máa kọ bó ṣe ń dùn mí sí, láti oókan dé márùn-ún. Èmi tí n kò gba márùn-ún, máàkì tó ga jù, rí nílé ìwé, mo fún wọn ní márùn-ún lójoojúmọ́ kí n má bàa dójú ti dókítà. Ni nọ́ọ̀sì bá pè mí tẹ̀rùtẹ̀rù, ó ní ṣé mo ṣì lè dìde, pé márùn-ún ni ìrora tó le jù. Ó ní kí n fi ahọ́n han òun lórí fóònù, mo sì ki fóònù náà bọ ẹnu. Ó ní òkùnkùn nìkan lòun rí, àti pé obìnrin wo ló ń kọrin lẹ́yìn mi. Èmi nìkan ni mo wà nílé.

Ìpara yẹn kì í ta mí, ṣùgbọ́n itọ́ a fọ̀ ọ́ lọ kí n tó jẹun tán. Omi ewé tí màmá rẹ gbìn a máa tù mí lára fún wákàtí kan. Èyí tó ń ta jù ni oje dúdú tí oyin fi ń dí ihò ilé wọn, tí màmá rẹ rẹ sínú ọtí líle. Ó ń ta dé etí, ṣùgbọ́n ó máa ń lẹ̀ mọ́ egbò, bí ilẹ̀ bá fi mọ́, ojú egbò ti pa dé. Tí mo bá tún dé ọ̀dọ̀ oyin, mo tún gé e jẹ.

Neža, jẹ́ kí n sòótọ́: mi ò fẹ́ kí màmá rẹ lọ. Nírọ̀lẹ́ àwọn oyin máa ń bo épírọ́ọ̀nù rẹ̀ tó wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, wọ́n á kún un títí á fi dà bíi pé ènìyàn wà nínú ẹ̀. Mo máa ń kí i. Ṣùgbọ́n wọn kì í lọ sídìí òdòdó mọ́, wọ́n sì ti ń kú. Malka aládùúgbò wa, o mọ ẹnu rẹ̀, ní ṣé mo fẹ́ jẹ ahọ́n mi tán ni kí n tó jẹ́ kí ìyàwó mi sinmi, pé bí Máàsì ọgbọ̀n ọjọ́ tí àlùfáà ń ṣe fún òkú bá kọjá tí mi ò sọ fún wọn, ẹyọ oyin kan ò ní kù.

Láàárọ̀ yìí mo jí, ahọ́n mi ń dán, kò sí àpá. Oje dúdú yẹn ń korò lẹ́nu mi, bẹ́ẹ̀ mi ò fi nǹkan kan sí i lánàá. Mo lọ sílé oyin. Épírọ́ọ̀nù ti kúrò lórí ìṣó, wọ́n ti so ó mọ́ ilẹ̀kùn wọn, kókó ọlọ́wọ́ òsì. Màmá rẹ nìkan ló ń ta irú kókó yẹn nílé yìí. Mo kàn lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní Jerica ti kú. Ó jáde geere. Kò sí oyin tó dúró gbọ́ mi, wọ́n ti ń lọ sídìí òdòdó. Wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹni tó ta kókó yẹn kí n tó dé. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́.

Jọ̀ọ́, mo nílò ogójì yúrò fún Máàsì àti àbẹ́là. Má fi sí báńkì: ẹ̀rọ wọn ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí, mo bẹ àwọn tó wà lẹ́yìn mi kí wọ́n lọ sílé ná, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ìwọ gan-an ni kó o mú un wá.

Mo ti parí fọ́ọ̀mù náà. Níbi tí wọ́n ti bi mí pé òògùn wo ló wo egbò sàn, Jerica ni mo kọ síbẹ̀. Mo fún un ní márùn-ún, kí nọ́ọ̀sì kà á bó ṣe fẹ́.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ wúwo bá kàn ọ́ láti sọ, ọmọ mi, ẹnu rẹ kò ní kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Èmi ni,
Tine bàbá rẹ